Àlàfo Kan Lójú Sánmà Erunmu

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e.]

LUQMAN: Hẹ̀lóò? Ta nìyẹn?

SÀNÍÙ: Àsàlámù aléékún. Èmi ni. Sàníù, ẹ̀gbọ́n rẹ.

LUQMAN: Wà aléékúmú sàlámù. Bọ̀dá mi, ẹ káàsán. Ṣé àlàáfíà ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yára—

SÀNÍÙ: Ṣé o gbọ́ mi?

LUQMAN: Mò ń gbọ́ yín. Ìyá ńkọ́?

SÀNÍÙ: Wọ́n wà. Wọ́n ń kí ọ. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ?

LUQMAN: Wọ́n wà, a dúpẹ́. Bọ̀dá Sàníù, Alakia ni mo wà báyìí, lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìpàdé. Ìgbìmọ̀ ìjọba ti jókòó. Wọ́n lè pè mí wọlé nígbàkigbà.

SÀNÍÙ: Hẹn-ẹ́n. Òní náà ni, àbí?

LUQMAN: Òní ni. Òní ni wọ́n máa pinnu bóyá a máa fi sátẹ́láìtì kún àwọn tó wà lókè. Gbogbo wàhálà tí mo ti ń ṣe látọjọ́ yìí, òní ló—

[Ẹ́ńjìnì kan ké lẹ́yìn Sàníù. Ó dákẹ́.]

LUQMAN: Kí nìyẹn?

SÀNÍÙ: Èwo?

LUQMAN: Ariwo yẹn.

SÀNÍÙ: Kò sí nǹkan. Roheem ni. Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀.

LUQMAN: Ó dáa. Kí ló dé tó jẹ́ fóònù lẹ fi ń pè mí? Ohùn yín ń já. Ẹ̀rọ tí mo gbé fún yín wà níbẹ̀, èyí tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ tààrà. Ẹ̀ bá fi òun pè mí.

SÀNÍÙ: Morónikẹ́ tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ló pè láàárọ̀. Ó ní ká má fọwọ́ kàn án lónìí, pé òun lẹ fẹ́ fi wo abúlé lójú tẹlifíṣọ̀n yín níbẹ̀. Mo wá gun orí odó.

LUQMAN: Orí kí ni?

SÀNÍÙ: Odó. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́yìn ilé Ìyá, mo dúró lé e. Ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń wọlé. Tí n bá fi ẹsẹ̀ kan sọ̀ báyìí, ó já. Luqman, ṣé... ṣé àwọn kan ń gbọ́ wa?

LUQMAN: Ta ló fẹ́ gbọ́ wa? Kí ló ṣẹlẹ̀?

SÀNÍÙ: Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Mo kàn ní kí n bi ọ́ ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tó o sọ fún mi níjọ́sí, pé ó ń já lọ́dọ̀ wa. Ṣé ìyẹn le?

LUQMAN: Ó le bí? Bọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ òní gan-an nìyẹn! Lágelú ò já. Akínyẹlé ò já. Ọ̀nà-Àrà ń lọ geere. Ọ̀dọ̀ yín nìkan ni. Òun ni mo fi kọ ìwé tí mo mú lọ́wọ́ yìí, pé àlàfo wà lójú sánmà níhà ọ̀dọ̀ yín.

SÀNÍÙ: Àlàfo.

LUQMAN: Ẹ rántí àlàyé tí mo ṣe. Sátẹ́láìtì wọ̀nyí kì í dúró sójú kan, wọ́n ń yí ayé po ni. Ọ̀kan á kọjá lórí yín, kó tó wọ̀, òmíràn gbọ́dọ̀ ti yọ. Tí òmíràn ò bá tètè yọ, ẹ̀rọ ò ní rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, á já. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n fi odindi ọ̀wọ́ sátẹ́láìtì kan kún un.

SÀNÍÙ: Nítorí tiwa?

LUQMAN: Nítorí gbogbo agbègbè ni, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ yín ni ẹ̀rí wà.

SÀNÍÙ: Làìláhà ílà láhù.

[Ẹ́ńjìnì tún ké. Ó pẹ́ kó tó dákẹ́. Adìẹ ń sá kiri.]

LUQMAN: Bọ̀dá Sàníù, kí ni Roheem ń fi ẹ́ńjìnì gé?

SÀNÍÙ: Igi ni.

LUQMAN: Igi wo?

SÀNÍÙ: Igi kan báyìí.

LUQMAN: Bọ̀dá mi.

SÀNÍÙ: Agbálùmọ̀.

LUQMAN: Agbálùmọ̀ wo?

SÀNÍÙ: Èwo ló tún wà? Ti ẹ̀yìnkùlé Ìyá ni.

LUQMAN: Ha! Ta ló ní kó gé e?

SÀNÍÙ: Ìyá ni.

LUQMAN: Ìyá? Ìyá yìí tó fi ẹgba lé mi títí dé odò torí pé mo gun igi yẹn? Tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ òkò sí i? Ṣé ara wọn dá?

SÀNÍÙ: Ara wọn dá. Ìwọ ni wọ́n torí ẹ̀ gé e.

LUQMAN: Èmi kẹ̀?

MORÓNIKẸ́: [láti ọ̀ọ́kán] Luqman, ó ku ẹnì kan ṣáájú yín o. Please be ready.

LUQMAN: Mò ń bọ̀, Morónikẹ́. Just one minute. Bọ̀dá mi, ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

SÀNÍÙ: Mo gbọ́. Igi yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ dáadáa tó bá ti dé ọ̀dọ̀ Ìyá. Ewé rẹ̀ ṣú. Kò sí ibi tí òjìji rẹ̀ ò dé lẹ́yìnkùlé yẹn. A sì mọ̀ pé òní ni àwọn èèyàn ńlá máa wò ó. A ò fẹ́ kó dójú tì ọ́. Ìyá wá ní—

LUQMAN: Ẹ dúró. Ẹ dúró ná. Tó bá dé ọ̀dọ̀ Ìyá?

SÀNÍÙ: Hẹn.

LUQMAN: Orí òrùlé mọ́ṣáláṣí ni ẹ̀rọ yẹn wà. Wándé, oníṣẹ́ ẹ̀rọ wa, ló fi bóòtù dè é mọ́bẹ̀. Ta ló wá ń gbé e dé ọ̀dọ̀ Ìyá?

[Àkùkọ kọ.]

LUQMAN: Bọ̀dá Sàníù? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

SÀNÍÙ: Mo wà níbí. Odó yìí ló ń mì lábẹ́ mi.

LUQMAN: Ta ló ń gbé e?

SÀNÍÙ: Gbogbo wa ni.

LUQMAN: Gbogbo yín—

SÀNÍÙ: Ó kan olúkúlùkù ni. Bó bá jẹ́ ilé Lèmọ́mù lónìí, ó di ilé Lateef lọ́la, ọ̀tunla ó di ti Hasanat. Ẹnì kan á ru ẹ̀rọ, ẹnì kan á ru bátìrì, a ó fi ìrọ̀rùn gbé e. Kò já bọ́ rí o! Èmi fúnra mi ni mo máa ń ṣíwájú kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má baà kọ gbòǹgbò. Ìwọ lo ní kí n máa ṣọ́ ọ, mo sì ń ṣọ́ ọ. Gbogbo ibi tó bá lọ ni mò ń tẹ̀ lé e dé.

LUQMAN: Ya Allah. Ta ló ní kí ẹ máa gbé e kiri?

SÀNÍÙ: Ìwọ ni.

LUQMAN: Èmi?

SÀNÍÙ: Lọ́jọ́ tí ẹ gbé e wá. O dúró síwájú mọ́ṣáláṣí, gbogbo wa jókòó sórí ẹní. O ní àáró ni àwọn nǹkan tó wà lókè yẹn ń ṣe. O ní gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń roko ẹnì kan tán ká tó kọjá sí ti ẹnìkejì, pé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí. Inú wa dùn. A ní ọmọ wa ò gbàgbé ilé.

LUQMAN: Àwọn tó wà lókè ni mo ní wọ́n ń ṣe àáró! Àwọn sátẹ́láìtì! Mi ò ní kí ẹ̀rọ ilẹ̀—

SÀNÍÙ: Àwa ò mọ̀ pé tòkè nìkan lo wí. Nígbà tó o lọ tán, Lèmọ́mù ní a ti gbọ́, àáró ni. Báwo la ṣe wá fẹ́ ṣe àáró kó jẹ́ oko ẹyọ ẹnì kan la ó máa ro? Àwọn tó jìnnà sí mọ́ṣáláṣí ti ń kùn. A bá tú bóòtù.

LUQMAN: Wándé wá síbẹ̀! Mo rán an wá ṣàyẹ̀wò. Ó ní ibi tí òun gbé e sí náà ló wà.

SÀNÍÙ: Nígbà tá a gbúròó alùpùpù rẹ̀, a sáré dá a padà. Ẹ̀rù bà wá. A ò mọ̀ bóyá òun náà gbọ́ ọ̀rọ̀ àáró. Luqman, wọn ò ní wá mú mi, àbí? Nǹkan ìjọba ni.

LUQMAN: Mo rí i. Bọ̀dá mi, mo fojú ara mi rí i nínú kọ̀ǹpútà pé ẹ̀rọ yẹn ń rìn. Tó bá wà níhìn-ín lónìí, á wà lọ́hùn-ún lọ́la. Mo ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ní àṣìṣe ìwọ̀n ni. Mo kọ odindi chapter lé e.

SÀNÍÙ: Ìwé náà máa dáa.

LUQMAN: Ẹ jọ̀ọ́. Ìgbà wo ló máa ń dé ọ̀dọ̀ Ìyá?

SÀNÍÙ: Ọjọ́ ọjà wa. Àwọn tó kù á ti lọ sọ́jà, Ìyá ò sì lágbára ọjà mọ́, òun ló máa ń wà nílé. A ní kó máa kàn wọ́n lọ́jọ́ yẹn kí wọ́n lè rí ọmọ bá sọ̀rọ̀.

LUQMAN: Ọrọọrún.

SÀNÍÙ: Hẹn, ọrọọrún ni ọjà wa. O ti gbàgbé?

[Luqman ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dún bí ẹ̀rín.]

LUQMAN: Ọrọọrún ló ń já! Òun ni mo rí! Mo wá ìdí rẹ̀ títí, mo ṣírò rẹ̀ láti ọ̀run wá sáyé. Mo ní bí ọ̀nà àwọn sátẹ́láìtì ṣe ń ṣípò lójú sánmà ló fà á. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kà á, wọ́n ní àwárí gidi ni. Ọjọ́ ọjà!

SÀNÍÙ: Ṣé o gbọ́ mi? Má bínú.

LUQMAN: Èmi ni mo mú ọjọ́ òní fún ìgbìmọ̀, torí mo ti mọ̀ pé òní ló máa já.

SÀNÍÙ: O mọ̀ pé ó máa já?

LUQMAN: Mo fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí àlàfo náà.

SÀNÍÙ: Luqman. Ṣé o fẹ́ kó máa já ni?

LUQMAN: Mi ò fẹ́ kó máa já. Mo fẹ́ kó já lónìí.

[Ẹ́ńjìnì ké. Ó ń lọ láìdúró.]

LUQMAN: Bọ̀dá mi, ẹ dá Roheem dúró!

SÀNÍÙ: Tí n bá sọ̀ kalẹ̀, ìpè á já.

LUQMAN: Ẹ pè é látorí odó!

SÀNÍÙ: Roheem! Roheem o! Dúró ná! Kò gbọ́. Ẹ́ńjìnì ti di í létí.

LUQMAN: Kí ló tiẹ̀ dé tí ẹ ò kàn gbé ẹ̀rọ padà sí mọ́ṣáláṣí? Ṣé ó di dandan kí ẹ gé igi?

SÀNÍÙ: Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ jẹ́ ká gbé e lọ síbẹ̀ fún òní nìkan. Ìyá wò mí báyìí, wọ́n ní ṣé torí pé àwọn ti darúgbó ni mo fi fẹ́ fo àwọn. Pé òní kan àwọn. Pé lójú àwọn èèyàn ńlá ni mo fẹ́ gbé ọmọ àwọn kúrò nílé àwọn. Kí ni kí n wá sọ? Wọ́n ti ń bọ̀ níbí. Mo ti tẹ fóònù kó máa dún síta. Ẹ máa sọ̀rọ̀, Ìyá. Ó ń gbọ́ yín.

ÌYÁ: Àdìgún! Ṣé o gbọ́ mi?

LUQMAN: Mo gbọ́ yín, Ìyá. Ẹ káàsán, mà.

ÌYÁ: O ò ní rí ìjà Ọlọ́run. Gbogbo ohun tó o bá dáwọ́ lé á yọrí sí rere.

LUQMAN: Àmín, Ìyá, ẹ—

ÌYÁ: Sàníù ní ọkàn rẹ ò balẹ̀, pé ó ń já, ó ń já. Mo ní kí ló dé? Wọ́n ní ewé agbálùmọ̀ mi ni. Mo ní ṣé igi lásán-làsàn ló fẹ́ ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́? Ẹ lọ pe Roheem wá.

LUQMAN: Ìyá, ẹ ò bá ti jẹ́ kó—

ÌYÁ: A sin ìwọ́ ìdodo rẹ sídìí rẹ̀ lóòótọ́. Mo kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Mo ní má bínú, ọmọ náà ti dàgbà, ó ti ń bá ìjọba ṣe nǹkan ojú ọ̀run, kò gun igi mọ́. Mo ní agbálùmọ̀ ò pè mí ní ìyá rí.

[Ẹ́ńjìnì ṣì ń ké.]

ÌYÁ: Àbí mi ò ṣe é dáadáa?

LUQMAN: Ẹ ṣe é dáadáa, Ìyá. Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo kàn fẹ́ kí Roheem... kó sinmi díẹ̀. Kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tán níbí.

ÌYÁ: Kó sinmi kẹ̀? Ó ti gé e kọjá ìdajì! Tó bá sinmi báyìí, orí ilé mi ló máa wó sí.

MORÓNIKẸ́: Luqman, they are calling you! Alága ní kí wọ́n gbé àwòrán Erunmu sójú screen. Ó ń já bẹ́ ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́! Àwòrán á yọ, á tún pòórá. Ẹ wọlé kíákíá, it's the best time.

LUQMAN: Mò ń bọ̀! Bọ̀dá mi, ṣé Ìyá ti kúrò níbẹ̀?

SÀNÍÙ: Wọ́n ti lọ síwájú ẹ̀rọ. Wọ́n ti wé gèlè.

LUQMAN: Ẹ tẹ́tí. Ẹ wá abọ́ irin ńlá kan—

SÀNÍÙ: Abọ́?

LUQMAN: Ẹ fi dé ẹ̀rọ yẹn kó lè máa já. Díẹ̀ péré. Títí wọ́n á fi fọwọ́ sí ìwé.

SÀNÍÙ: Kí n fi abọ́ bo ẹ̀rọ?

LUQMAN: Díẹ̀ ni mo ní.

SÀNÍÙ: Luqman. Ìwọ lo ní n ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ewé lásán bà lé e. Láàárọ̀ kùtùkùtù ni mo máa ń fi aṣọ funfun nù ún. Òjò ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, yìnyín ń bọ́, èmi ni mo dúró tì í. Ìyá sì ti jókòó síwájú rẹ̀. Ṣé kí n dé abọ́ lé e lójú Ìyá?

[Ẹ́ńjìnì ń ké, ohùn rẹ̀ ti yí padà.]

LUQMAN: Ẹ fi sílẹ̀.

SÀNÍÙ: Kí n má bò ó?

LUQMAN: Ẹ má bò ó. Ẹ gbà pé mi ò sọ bẹ́ẹ̀.

SÀNÍÙ: O ò sọ ọ́. Odó yìí ló ń mì, n ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ń— ẹ sún! Ẹ sún o! Ìyá, ẹ má dìde!

[Igi kọ́kọ́ dún bí aṣọ tó ń ya. Ó wó lulẹ̀ gbìì. Ewúrẹ́ ń ké. Àwọn èèyàn hó yèè.]

LUQMAN: Bọ̀dá Sàníù! Ìyá ńkọ́? Bọ̀dá Sàníù, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

SÀNÍÙ: Àlùhàmúdùlílàì. Apá ọ̀nà oko ló wó sí. Ìyá wà lórí àga wọn. Ewé kan bà lé gèlè wọn, wọn ò yọ ọ́. Ojú ibí ti wá mọ́lẹ̀, Luqman. Ó mọ́lẹ̀ bí ìta gbangba.

[Níhà ọ̀dọ̀ Luqman, ìlẹ̀kùn ṣí. Àtẹ́wọ́ ń dún nínú gbọ̀ngàn.]

MORÓNIKẸ́: Luqman! Kí lẹ ṣe? Ó ti dúró! Kò já mọ́ rárá. Gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbàlagbà kan ń juwọ́ sí wa, ewé wà lórí gèlè wọn. Àní a lè ka iṣan ara ewé náà!

LUQMAN: Ìyá mi ni.

MORÓNIKẸ́: Alága ní kí wọ́n bá òun kí wọn. Ó tún ní tó bá ti dáa báyìí, kí la wá fẹ́ fi ọ̀wọ́ sátẹ́láìtì tuntun ṣe? Ó ní kí ẹ wá dáhùn. Kí lẹ máa sọ fún un?

LUQMAN: Mi ò mọ̀. Ẹ ní mò ń bọ̀.

SÀNÍÙ: Luqman? Ta ló ń pàtẹ́wọ́? Ṣé ó dáa báyìí?

LUQMAN: Ó dáa, bọ̀dá mi. Ó dáa jù.

SÀNÍÙ: Ohùn rẹ ò jọ ti ẹni tó dáa fún. Ṣé a ti bà á jẹ́ ni?

LUQMAN: Ẹ ò bà á jẹ́. Èmi ni mo fẹ́ wọlé lọ sọ fún wọn pé... pé ọjọ́ ọj—

SÀNÍÙ: Ṣé o gbọ́ mi? Ó ń já.

LUQMAN: —àlàfo tí mo rí— kì í ṣe lókè—

SÀNÍÙ: N ò gbọ́ ọ dáadáa. Luqman, tó bá jẹ́ pé jíjá yẹn lo nílò, má sunkún, gbogbo ilé ò kú tán. Mángòrò Hasanat ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ṣú ju agbálùmọ̀ Ìyá lọ. Iwájú ilé ni Hasanat máa ń gbé e sí tó bá kàn án, àmọ́ a lè bẹ̀ ẹ́ kó máa gbé e sábẹ́ igi.

LUQMAN: —bọ̀dá— ẹ má—

SÀNÍÙ: O ní ká má ṣe kí ni? Má jáfara o. Roheem ti tún ń da epo sí ẹ́ńjìnì. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí inú àwọn èèyàn ńlá ti dùn tó báyìí, mángòrò Hasanat ló kàn. Kí n jẹ́ kó gé e, àbí kó fi sílẹ̀? Ṣé o gbọ́ mi? Èwo lo fẹ́ nínú méjèèjì? Luqman? Ṣé o—

[Ìpè já.]